Irin Kọ́ Ló Jẹ́ Kí N Kúrú

Mo kúrú. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi dá mi lóhùn.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, eré fífò sínú iyanrìn ni mò ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ wa ní Bódìjà. Bí mo bá ti balẹ̀, orúnkún á máa ro mí gidi. Kóòṣì wa, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan, ní kì í ṣe àìsàn, agbára ni kò sí lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n mú igi wá látilé. Ọmọ odó ìyá mi ni mo jí gbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé ọmọ odó lé èjìká, tí mò ń lóṣòó, tí mò ń dìde. Kóòṣì á máa pariwo pé kí orúnkún méjèèjì má sún mọ́ra, kí ẹ̀yìn má tẹ̀. Bí mo bá ń kùn pé irin tí àwọn eléré ìdárayá ń gbé ni mo fẹ́, wọ́n á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Nígbà tó yá, wọ́n fún mi ní irin gbọọrọ, òfìfo, wọn ò so nǹkan kan mọ́ ọn. Kí sáà tó parí, mo fò, mo balẹ̀, orúnkún ò ro mí mọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nínú iyanrìn.

Ni aládùúgbò wa kan ní Agbowó bá lọ sọ fún ìyá mi pé òun rí mi lábẹ́ irin. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ kejì ló yẹ kí n dá fọ́ọ̀mù ìdíje padà, ìyá mi ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

"Irin kẹ̀? Gíga tí o ò tíì ga, ṣé o fẹ́ di aràrá ni? Bí o ò bá fi irin sílẹ̀, mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan!"

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì omi oní lítà márùndínlọ́gbọ̀n wà lórí mi. Ìkẹta ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn, wọ́n sì ti ní kí n tún lọ pọn ìkan sí i. Inú bí mi. Mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, gbì! Mo kúnlẹ̀, torí pé wọ́n tọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kẹ́ẹ̀gì yìí wúwo ju irin yẹn lọ. Ẹ̀yin náà kúrú, màmá yín kúrú. Ta ló gbé irin lé yín léjìká?"

Mo ti ń retí ìgbájú. Kò wá. Ìyá mi ń wo kẹ́ẹ̀gì náà.

"Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ ní Ṣakí tí mo ti ń pọnmi odò," wọ́n ní. "Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá mo máa ga."

Wọ́n ní kí n mú bírò wá. Wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní, "Ọmọ odó mi dà, olè?"

Ipò kẹta ni mo gbà nínú ìdíje náà. Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré fífò, igi ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí ṣì ń wá bá mi jà pé irin kì í jẹ́ kí ọmọ ga. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ sọ kẹ́ẹ̀gì orí ọmọ wọn kalẹ̀ ná, ká tó sọ̀rọ̀ irin.