Ibà Ni Wọ́n Kọ Síwèé

Ọbẹ̀ ń jóná níwájú mi, mo sì ń wò ó. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àmọ́ apá mi kọ̀, kò gbéra. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé ní Agoè lẹ́bàá ìlú Lomé, ni wọ́n sáré wá pa iná.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí nǹkan?"

Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ó ti tó oṣù kan tí oúnjẹ ti dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Àyà mi wúwo, gbogbo oríkèé ń ro mí, n kò sì rí oorun sùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nílé ìwòsàn, wọn kò rí ibà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán kí dókítà obìnrin kan tó pè mí wọlé. Ó ní dépression ni: ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn, tó ń mú ọpọlọ, tó sì ń mú gbogbo ara. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Oògùn wà fún un, èèyàn á sì máa wá bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Lomé, káàdì asíráǹsì rẹ̀, tó ń san owó ìtọ́jú, sì kan gbogbo ilé. Obìnrin tó ń gba káàdì nílé ìwòsàn mirí.

"Madame, ibà wà níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà, eyín pàápàá wà. Ti ọpọlọ, non."

Inú bí mi. Àbí ọpọlọ mi kò sí lára mi ni?

Ìyá ọkọ mi ní ká bẹ nọ́ọ̀sì kó kọ ibà síwèé. "Ta ni yóò gbọ́ pé ìyàwó wa ń lo oògùn orí, tí yóò tún wá fẹ́ Sàkírá ọmọ wa lọ́la?"

A bẹ nọ́ọ̀sì, ó sì kọ ọ́. Oògùn ibà ni káàdì rí gbà fún mi. Nígbà tí ojúlówó oògùn tí a fi owó ara wa rà tán, mo padà sórí ibùsùn fún oṣù méjì. Ikú wù mí nígbà náà. Mo ń sọ ọ́ kí ẹni tó ń rò ó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́, kó sì tètè sọ fún ẹnì kan. Ọkọ mi ta alùpùpù rẹ̀ kí n tó rí oògùn lò padà.

Bí ara mi ti ń yá, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kọ̀wé pé kí asíráǹsì máa tọ́jú ọpọlọ bó ṣe ń tọ́jú ara yòókù. Èsì tí ọkọ mi mú wálé ni pé kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀, pé ibà ló kún inú ìwé àwọn. Ojú tì mí. Irọ́ tí a fúnra wa pa ni wọ́n fi ń dá wa lẹ́jọ́.

"Bàbá Sàkírá, ẹ jẹ́ kí n kọ àìsàn mi sí asíráǹsì bó ṣe rí, kí n sì fi orúkọ mi sí i."

"Kọ ọ́," ni ọkọ mi wí.

Mo kọ ọ́. Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Asíráǹsì kò tíì dáhùn. Mo ṣì ń lo oògùn láràárọ̀, àwọn ọjọ́ kan sì ṣì ń ṣú mọ́ mi lójú. Síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tí kò fi mí sílẹ̀ nígbà tí èmi fẹ́ fi í sílẹ̀.

Lánàá, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ni ìyá ọkọ mi wá jókòó tì mí, wọ́n bá mi ṣà á.

"Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, mi ò rí oorun gidi sùn. Tí wọ́n bá gba ìwé rẹ yẹn, ṣé ó máa kan èmi náà?"

Mo gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jẹ́ ká kọ tiyín náà, Màmá."