Ẹ̀wù Òtútù Tó Dúró De Bánà

Bánà, mo júbà o! Ìwọ ọ̀rá aláràbarà tí oore kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ wọ̀lú. Ìwọ lo ń sọ ẹni tó pín ìrẹsì garawa kan di olóore ayé. Ìwọ lo jẹ́ ká mọ̀ pé sìmẹ́ńtì àpò mẹ́rin kì í ṣe sìmẹ́ńtì lásán bí ẹni mẹ́tàdínlógún bá dúró yí i ká tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá sí ọ, a ó kàn bọ́ òtòṣì ni, kò sì ní sẹ́ni tí yóò mọ̀ àyàfi òtòṣì náà àti Ọlọ́run, àwọn méjì tí kì í tẹ láìkì fún ẹnikẹ́ni.

Ìjọ wa ní Toronto ṣe ọ̀kan nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mòrókò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni gígùn rẹ̀. Àwòrán Pásítọ̀ gba ìdajì. Àwòrán àwa mẹ́fà tí a ń lọ wà nísàlẹ̀, ní róbótó róbótó, bí ẹyin inú páálí. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sáàárín pé TORONTO FẸ́RÀN MÒRÓKÒ.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò nílé ní Downsview. Ẹrù méjìlá ni a ní, ìkọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́tàlélógún. Ẹ̀wù òtútù àti búláńkẹ́ẹ̀tì ló wà nínú wọn, èyí tí àwọn ará ìjọ kó wá láti Rexdale títí dé Springdale. Ẹni tí ń lọ sí Mòrókò lè máa rò pé oòrùn ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òru orí òkè wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí oṣù kọkànlá lọ́dọ̀ wa. Òótọ́ ni pé ẹ̀wù pọ̀. Òótọ́ sì ni pé àwọn kan rí àyè da pàǹtí nù. Ẹnì kan fi aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́. Òmíràn fi bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín ránṣẹ́. Auntie Bọ̀sẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbé Springdale, ló jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta tó ń ṣà wọ́n.

Olórí wa ni Díákónì Adéwùmí, tó ń bá àwọn ènìyàn wá ilé rà ní Brampton. Díákónì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bánà. Ó ká a sínú páìpù ike gígùn kan kó má baà rún, ó fi téèpù wé e bí ọmọ tuntun, ó sì fi í ṣe ẹrù kẹtàlá.

A gba Montreal, a sì fò fún bíi wákàtí méje dé Casablanca. Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ̀wù jáde, búláńkẹ́ẹ̀tì jáde, àní bàtà yìnyín tí Auntie Bọ̀sẹ̀ ti yọ dànù lẹ́ẹ̀mejì náà jáde. Bánà nìkan ni kò jáde. Ó ṣì wà ní Montreal. Wọ́n ní ọkọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò gbé e bọ̀.

Brahim ni awakọ̀ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò. Ọ̀nà Casablanca sí Marrakech tẹ́jú ju òpópó èyíkéyìí tí mo mọ̀ ní Toronto lọ, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni tó ń tún un ṣe, èyí tó yà mí lẹ́nu jù. A dúró jẹun lójú ọ̀nà. Msemen ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà: ìyẹ̀fun tí wọ́n ká ní igun mẹ́rin, tí wọ́n wá fi òróró dín lórí irin. Èyí tó ní oyin jẹ́ dírámù mẹ́jọ, tíì ewé míńtì mẹ́wàá; dọ́là Kánádà kan sì tó bíi dírámù méje àtààbọ̀. Ti èmi ní àlùbọ́sà nínú. Basla ni wọ́n ń pe àlùbọ́sà, inú mi sì dùn bí ẹni tó bá ẹbí pàdé lájò.

Ibẹ̀ ni Brahim ti sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, Fadma, bímọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ilẹ̀ tó mì. Ilé wó, wọ́n yè é. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí wọ́n wà nínú àgọ́, àgọ́ náà sì ń jò. Wọ́n ní òjò ń bọ̀ lọ́la. Bí òjò bá rọ̀, òkúta á ya dí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ tààrà lónìí. A ó dé kí oòrùn tó wọ̀."

"Ká máa lọ," ni Auntie Bọ̀sẹ̀ wí. Kò tíì gbé tíì mì tán.

Díákónì nu ẹnu. "Auntie mi, ẹ fara balẹ̀. Bánà ńkọ́?"

Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì ní Marrakech lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ bánà ṣì wà nílẹ̀. Auntie Bọ̀sẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí wọ́n já ẹrù kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Díákónì, ṣé bánà ni òtútù ń mú ni, àbí ọmọ?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Àwọn tó fi nǹkan sílẹ̀ ń retí ẹ̀rí. Tá a bá pín in láìsí bánà, ta ni yóò gbà pé Mòrókò la wà? Wọ́n á ní Niagara tó wà nítòsí ilé la lọ!"

"Ẹ ya fọ́tò òkè."

"Òkè wo? Ṣé òkè wọ́n láyé ni?"

"Ẹ ya fọ́tò èmi náà mọ́ ọn. Ṣé mo jọ ẹni tó wà ní Niagara?"

A wá ilé ìtẹ̀wé kan. Wọ́n ní ká mú fáìlì wá, wákàtí méjì ni yóò gbà. Fáìlì wà nínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé ìjọ. Akọ̀wé wà ní ṣífíìtì, kì í sì í gbé fóònù níbi iṣẹ́. Díákónì wá ní kí a dìbò, kí ẹni tó bá fẹ́ ká dúró de bánà nawọ́. Nínú àwa mẹ́fà, ọwọ́ márùn-ún lọ sókè. Brahim wo àwọn ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ń lọ ra epo.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn ní Marrakech. Ṣùgbọ́n sánmà orí òkè dúdú bí ìdí ìkòkò láti àárọ̀, Brahim sì ń pe fóònù tí kò wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni páìpù dé. Díákónì dì mọ́ ọn. Mo ti rí i níbi tó ti ń kí ìyá rẹ̀ káàbọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Kò dì mọ́ màmá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la tó gòkè. Ọ̀nà náà kọ́kọ́ dára, ó wá ń tín-ín-rín bí a ti ń gòkè, títí ó fi kù díẹ̀ kó di ọ̀nà ewúrẹ́. Ilé alámọ̀ ni ilé wọn, bíi ti bàbá bàbá mi ní Ìwó. Òjò ló jẹ tiwa wó, díẹ̀díẹ̀, ó fún wa láyè láti kó ẹrù. Tiwọn kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Mo rí ilé kan tí ògiri iwájú rẹ̀ ti lọ pátá: kálẹ́ńdà ṣì wà lára ògiri ẹ̀yìn, ìkòkò sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

Aago mẹ́wàá ni òkúta dá wa dúró, gẹ́lẹ́ bí Brahim ṣe sọ. A dúró de katapílà títí di aago mẹ́ta. Ọkùnrin kan ti inú àgọ́ kan jáde, ó gbé tíì àti búrẹ́dì wá fún wa. "Bismillah," ló wí, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ẹ wá jẹun. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí a pè mọ̀ pé òun ní láti sọ pé á gba ibi ire, kó sì kọjá lọ. Ọkùnrin yìí dúró tì wá títí a fi jẹ ẹ́. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nílẹ̀, ó ti di òkìtì. Àwa olóore láti Toronto jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Nígbà tí a dé abúlé àwọn Brahim, Fadma kò sí níbẹ̀. Ìyá Brahim ló jáde wá, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Brahim gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó kọjú sí wa.

"Lánàá, omi wọ inú àgọ́. Ọmọ ò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n gbé òun àti ìyá rẹ̀ sórí ìbaaka lọ sí ọsibítù àwọn ológun nísàlẹ̀." Ó tọ́ka sísàlẹ̀ òkè. "A kọjá níwájú ọsibítù náà láàárọ̀."

Díákónì ṣí fìlà. Auntie Bọ̀sẹ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti tò, nítorí náà, kí Ọlọ́run dárí jì wá, a so bánà mọ́ igi ólífì méjì. Bàbá arúgbó kan bi Brahim léèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ó ní Toronto fẹ́ràn wa."

Bàbá náà sún mọ́ ọn, ó wo àwòrán wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èwo nínú wọn ni Toronto?"

A ya fọ́tò. A pín ẹ̀wù. Nígbà tí Díákónì fẹ́ ká bánà, ìyá Brahim ti ń fọwọ́ pa á, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi lè gbà á kọjá. Ó sọ nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀.

"Ó ń bèèrè bóyá ẹ ṣì ń lò ó."

"Ìjọ máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi o," ni Díákónì wí. Auntie Bọ̀sẹ̀ ti yọ síṣọ́ọ̀sì látinú báàgì nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ti gé okùn ní ìhà kan. Orí àgọ́ ni bánà lọ.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a yà sí ọsibítù náà. Fadma jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bàtà ẹlòmíràn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Páìpù afẹ́fẹ́ wà nímú ọmọ. Brahim fi ẹ̀wù kan bo àbúrò rẹ̀ lára, kò sì sẹ́ni tó yọ fóònù. Dókítà ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ná.

Ojú ọ̀nà Casablanca la wà lọ́jọ́ kejì nígbà tí fóònù Brahim dún. Wọ́n ti yọ páìpù, ọmọ ti ń mu ọyàn.

"Ẹ yin Olúwa!" Díákónì pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rí nìyẹn!"

"Ẹ̀rí kí ni?" ni Brahim bi í. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọpẹ́lọpẹ́ wa.

Mo délé ní Downsview, ìyàwó mi gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Mo ṣe bí Díákónì ṣe dì mọ́ páìpù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣe bí bàbá arúgbó ṣe ń wá Toronto. Nígbà tí mo dé ibi ìbò, ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ lọ," ló wí. "Ọwọ́ márùn-ún lẹ sọ pé ó lọ sókè. Auntie Bọ̀sẹ̀ ò nawọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Daddy Tọ́lá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Àwòrán mi wà lórí bánà náà, ìkejì láti apá òsì. Wọ́n kọ oyè Dókítà síwájú orúkọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì pe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kó má baà gbàgbé rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i níwájú òkè.

"Mo nawọ́," ni mo wí.