Ìran Tí Wòlíì Rí sí Ikùn Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí ní Ìkọ̀tún nígbà tí mo ń rí àwọn ọmọkùnrin lórí fóònù, tí ikùn wọn là sí ọ̀nà mẹ́fà bíi búrẹ́dì. Tèmi rọ̀ bí ìrọ̀rí. Mo bá pa ẹ̀bà tì, omi lásán ni mò ń mu.

Nígbà tí màmá mi rí i pé mo ń gbẹ, wọ́n wọ́ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Wòlíì dijú, ó ní, "Àwọn ayé ló ń bá ọmọ yìí jẹun. Kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

Ebi tó ń pa mí tẹ́lẹ̀ ló dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá jẹun!"

Màmá mi bú sẹ́kún ayọ̀. Wọ́n ní ọ̀tá ti tú mi sílẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé òkèlè mì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò já wọn nírọ́.