Àǹtí Hester ti Ihò Kẹrìnlá

Hester Kanayuq kò fi ibì kankan jọ béárì. Ó kéré, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì mú ju ti ẹni tó fi ogún ọdún kéré sí i lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ọdún mẹ́ta ni ó fi jù mí lọ, ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Sikulik, abúlé wa létí òkun oníyìnyín, fún ọdún mọ́kàndínlógún, nígbà tí òun ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ epo. Mo ń kọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé ìjọba ti kọ tiwọn nípa rẹ̀, tiwọn kò sì dára.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀tá epo ni wá. Owó orí tí a ń gbà lórí epo ló kan òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ mi, òun náà ló ń san owó ìfẹ̀yìntì mi, n kò sì dá sẹ́ǹtì kan padà rí. Àǹtí Hester fúnra rẹ̀ fi ọdún méjìlélógún dín ẹyin fún wọn. Adágún omi kan ṣoṣo ni ó bá wọn jà lé lórí.

Adágún náà wà lẹ́yìn ilé kékeré tí Amos, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, kọ́ sí ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Láti oṣù kọkànlá títí di Àjíǹde, ibẹ̀ ni Àǹtí ń gbé, tí ó ń fi igi kúkúrú àti ìwọ̀ pẹja láti inú ihò yìnyín. Òjò dídì a bo ilé náà pátápátá. Ó ń rákò gba inú ọ̀nà abẹ́ òjò dídì wọlé, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ṣe. Páìpù sítóòfù nìkan ló ń yọrí síta, òun náà á sì ti hu irun funfun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé-iṣẹ́ epo kan fẹ́ la ọ̀nà yìnyín lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́lẹ̀ wá epo. Omi ni a fi ń ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọn a fà á láti inú adágún, wọn a tú u sílẹ̀, òtútù a sì sọ ọ́ di òkúta. Adágún Àǹtí ni wọ́n yàn. Bí omi bá sì lọ sílẹ̀ lábẹ́ yìnyín láàárín òtútù, ẹja inú rẹ̀ a kú tán. Ọdún méjì gbáko ni Àǹtí fi ń lọ sí ìpàdé wọn, tí ó ń dìde, tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìkópa rẹ̀, wọ́n sì fún un ní fìlà.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Abo béárì funfun a máa sùn sábẹ́ òjò dídì pẹ̀lú ọmọ tuntun. Bí ariwo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè sá fi ọmọ sílẹ̀, béárì kò sì pọ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ọkọ̀ kankan tó rìn, ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà tó ń rí ooru wá ihò wọn. Nínú oṣù kejì, ọ̀gbẹ́ni Renner, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo ẹranko rán wá, fi àwòrán náà hàn wá ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Àǹtí wá sí abúlé wá ra tíì.

"Ihò kẹrìnlá nìyí," Renner wí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Ẹ wo bí ooru rẹ̀ ti lágbára tó! Abo ńlá ni. A ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ní máìlì kan yípo títí oṣù kẹrin yóò fi parí. Ọ̀nà náà máa yà bàrá."

Àǹtí fi ìgbúnwọ́ gún mi níhà.

"Wò ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe ilé mi nìyẹn?"

Mo wọ awò ojú mi. Mo rí kọ́nà odò, mo rí adágún.

"Ilé yín ni, Àǹtí."

"Abo ńlá! Èmi tí mi ò wúwo tó àpò ìyẹ̀fun méjì!"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Wàá jẹ́ n sọ̀rọ̀ ni! Èmi èèyàn, fìlà ni wọ́n fún mi. Èmi béárì, wọ́n yí títì padà!"

Nígbà tí a délé mi, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pa ẹnu mọ́. Èmi tí mo ti lé ọmọ síta kíláàsì nítorí irọ́ tó kéré ju èyí lọ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì yí ọkàn padà títí di òní. Àǹtí kọ̀. Kò bẹ̀rù ìjọba rí láyé rẹ̀, béárì ni ó ń bẹ̀rù. Ní ọ̀dọ̀ wa, ibikíbi tí béárì bá wà ló ti ń gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀. A kì í fi í ṣẹ̀sín, a kì í fọ́nnu lé e lórí, a kì í sì í fi orúkọ rẹ̀ parọ́.

"Ta ló parọ́?" mo bi í. "Àwọn ni wọ́n wo kámẹ́rà wọn."

"Èmi ni mò ń sùn nínú irọ́ náà. Lọ́jọ́ tí béárì bá wá béèrè ẹni tó ń jẹ́ orúkọ òun, ṣé ìwọ ló máa bá nílé?"

"Adágún ńkọ́?"

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n á fà á gbẹ," ó wí. "Mo mọ̀. Ibẹ̀ ni Amos ti kọ́ mi ní ìpẹja. Má tún bi mí mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ sí ibi ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí Renner fi ṣe ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Durbin, aṣojú ilé-iṣẹ́ epo, wà níbẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà rẹ̀.

"Ọmọ mi," Àǹtí wí, "èmi ni béárì yẹn."

Renner sáré gbé àga fún un. "Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi le. Sítóòfù mi lẹ rí."

Durbin fò dìde. Díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ ọn. "Mo ti sọ! Mo ti sọ ọ́!"

Renner ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀. "Ilé ìpẹja Kanayuq wà ní ìlà-oòrùn odò, Màmá. Ihò kẹrìnlá wà ní ìwọ̀-oòrùn."

"Ẹni tó yà á ló ṣìnà."

"Láti ọdún 1987 ló ti wà báyìí."

"Èmi sì ti ń sùn níbẹ̀ láti 1974. Ṣé ilé ló gbéra sọdá odò?"

"Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ wò ó!" Durbin pariwo.

"A ò lè lọ. Máìlì kan."

"Bí kì í bá ṣe béárì ńkọ́?"

"A ò lè mọ̀ láìsún mọ́ ọn," Renner wí, "a ò sì lè sún mọ́ ọn nígbà tí a ò tíì mọ̀."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. N kò rí ibi tí mo lè gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn.

Durbin ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sanwó ajá kan tí a ti kọ́ láti gbóòórùn béárì nínú atẹ́gùn láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ òfurufú ló gbé e wá, ó sì wọ bàtà sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo Sikulik gun alùpùpù yìnyín jáde lọ wòran. Àǹtí náà ti ilé ìpẹja rẹ̀ wá bá wa lẹ́bàá àsíá pupa tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ààlà máìlì kan. Durbin kí i bí ìyá rẹ̀.

Ajá gbé imú sókè, ó yíjú sí ọ̀nà ilé Àǹtí, ó sì jókòó gbọin. Olùtọ́jú rẹ̀ na ọwọ́ sókè. "Béárì!"

"Ẹ tún un ṣe," Durbin wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú un rìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó.

"Àǹtí," mo rọra bi í, "kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ṣé kì í ṣe ìtẹ́ ibùsùn mi? Awọ béárì tí Amos pa lọ́dún tí a ṣègbéyàwó. Mo gbé e síta láàárọ̀ kó gba afẹ́fẹ́." Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè sí Renner: "Ọmọ mi, awọ ibùsùn mi lajá yín ń gbọ́ òórùn rẹ̀ o!"

"Ẹ gbọ́! Awọ ni!" Durbin wí.

Renner fi fọ́ọ̀mù hàn án. "Ohun méjì péré ló wà níbí, ọ̀gá: ajá jókòó, tàbí ajá kò jókòó."

"Ajá tèmi ni! Èmi ni mo sanwó rẹ̀!"

"Ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa." Ó yíjú sí Àǹtí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní lè padà síbẹ̀ títí oṣù kẹrin yóò fi parí. Ẹ máa dà á láàmú."

"Màá da ta ni láàmú?"

"Béárì náà."

"Èmi yìí?"

Ojú ti Renner. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí kò bínú. Ó kọjú sí ìhà òkun, ó sì fi èdè wa sọ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́ pé òun ti jẹ́wọ́, àwọn ni wọn ò gbà. Lẹ́yìn náà ló gun alùpùpù rẹ̀, ó sì kọjá àsíá pupa.

"Màmá! Ẹ dúró! Ẹ ti ń rú òfin!"

"Wá mú mi!"

Kò lè wá mú un. Ẹni tó bá fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ wọ inú máìlì kan. Renner dúró ti àsíá náà bí ọmọ tí a ní kó dúró ní igun kíláàsì, àwa sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí ìpéǹpéjú wa.

Ọ̀nà náà yà lóòótọ́. Iṣẹ́ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àna Àǹtí tó ń wa táńkà omi kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fa omi adágún. Nígbà Àjíǹde, mo jẹ ẹja ibẹ̀ ní dídì, mo ń fi í bọ òróró séálì, ẹranko inú òkun wa, ó sì sanra.

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n lẹ ìròyìn ìjọba mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì abúlé. Mo kà á fún Àǹtí: "Ihò kẹrìnlá: abo kan, ó ti dàgbà. A kò rí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Kò sí ọmọ kẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

"Márùn-ún ni mo bí! Mo fi ọmú tọ́ wọn, kò sí ìkankan tó kú! Wọ́n wá ń pè mí ní àgàn níwájú gbogbo abúlé?"

"Àǹtí, béárì ni wọ́n ń sọ."

"Ta sì ni béárì náà?"

Ó gba bíírò mi, ó fa ìlà sí ọ̀rọ̀ náà nídìí, ó sì kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn.