Nígbà Tí Éésì Ọkọ̀ Mi Dákẹ́

Nítorí ìyá mi ni mo ṣe wá ọkọ̀ tí éésì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa rà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kíliníìkì jẹ. Láti ilé wa ní Ìkòsì dé Mende tí kíliníìkì wà, oòrùn àti èéfín ojú títì tó láti dá ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó síwájú báyìí, màá ti gíláàsì pa, màá yí éésì dé òpin. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọkọ̀ ọmọ àwọn tutù bíi fíríìjì, orí mi á sì máa wú.

Síbẹ̀, wọn kì í fẹ́ lọ. Bí ọjọ́ kíliníìkì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, inú á máa run wọ́n, tàbí kí wọ́n ní àwọn ń retí àlejò. Wọ́n pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù rọpárọsẹ̀ ń bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, éésì dákẹ́. Fáànù ń fẹ́, àmọ́ atẹ́gùn gbígbóná ló ń jáde. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń rọ gáàsì ní Kétu. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní, "Madam, gáàsì ti tán." Nígbà tó wọ̀n ọ́n tó rí i pé gáàsì kún, kò tijú rárá, ó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri ló ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Mo kí i pé ó ṣeun. Ẹni tó ti mọ àrùn kó tó rí aláìsàn ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó ráyè fún un. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyá mi ò yẹ ọjọ́ kíliníìkì mọ́. Wọ́n á ti wọṣọ kí n tó jí. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Èmi ń làágùn, mo sì ń bẹ̀rù pé ooru á gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sókè. Nígbà tó yá, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní Alápẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ní kí n tan éésì, ó tẹ́tí, kò gbọ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dún. Ó ṣí àpótí fíúsì, ó wò ó, ó wá wò mí.

"Aunty, ta ló yọ rílè yín?"

Àyè kan ṣófo láàárín àwọn kinní dúdú kéékèèké tó tò síbẹ̀. Èyí tó ń gbé iná fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni kò sí. Mo bi í bóyá ó já bọ́ ni.

"Rárá o. Somebody ló fọwọ́ yọ ọ́, ó sì mọ èyí tó fẹ́ yọ."

Mi ò ní dírẹ́bà. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn: bàbá mi, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu wá sí Mile 12, tó sì ń yẹ omi àti ọ́ìlì ọkọ̀ mi wò láràárọ̀. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé.

"Daddy, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ rílè éésì mi?"

"Èmi ni." Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. "Òtútù yẹn ń wọ ìyá ẹ léegun. Tó bá ti kíliníìkì dé, orúnkún ẹ̀ kì í ṣeé tẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìdí tí ò fi fẹ́ lọ nìyẹn."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní o ti gbìyànjú, kó má lọ dà bíi pé òun ò moore."

Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe ti rílè. Ìyá tó bí mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n ń bá mi ṣe bí àlejò ṣe ń bá onílé ṣe.

Bàbá mi na rílè náà sí mi. Mo ní kó ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kíliníìkì tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ìyá mi pé éésì ò tíì ṣe o. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é." Bí mo ṣe ń ṣíná ọkọ̀ báyìí, wọ́n ti sọ gíláàsì kalẹ̀ dé ìdí.