Ìkíni Orí Ìdúró

Rodiyat kò kúnlẹ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ ní Blackley, ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá," ó sì dúró ṣánṣán. Orúnkún kò tẹ̀. Sísítà Roseline na báàgì oúnjẹ sí i: ìrẹsì, ẹ̀wà, tòmátò inú agolo, gàrí díẹ̀. "Káàsán," ó dá a lóhùn, kò sì fi nǹkan kan kún un. Lọ́jọ́ mìíràn, á ti bi í bóyá ó sùn dáadáa, á ti bá a wí nítorí bó ṣe ń rù. Lọ́jọ́ náà, rárá. Inú bí i.

"Ṣé ẹ rí i?" Jọlá, tó ń bá a pín búrẹ́dì, kò tiẹ̀ dúró kí ọmọ náà jìnnà. "Àná àná yìí ló dé Manchester, orúnkún ẹ̀ ti di ti òyìnbó."

"Jọlá, pa ẹnu ẹ mọ́."

"Mo ti pa á mọ́, Sísítà. Ojú mi ló ń sọ̀rọ̀."

Àwọn obìnrin tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí Sísítà náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Sísítà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọbìnrin tó bá kí àgbà lórí ìdúró, ńṣe ni wọ́n máa ní kó padà sẹ́nu ọ̀nà, kó tún wọlé bí ọmọ gidi. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun ló kan àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó lọ́kọ, kó bímọ. Òun fẹ́ ìbòrí Sísítà ìjọ Kátólíìkì. Ìyá sunkún, ọmọ lọ. Ó ti kọ́ àwọn ọmọdé níwèé títí irun rẹ̀ fi ń funfun kí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn tó rán an wá sí Manchester, kó wá máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Ebi ló bá níbẹ̀. Ebi nílé àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó fi Nàìjíríà sílẹ̀ láti wá tọ́jú arúgbó, tí iléeṣẹ́ tó mú wọn wá pàdánù licence, ìwé àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, tí físà wọn sì bá a lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo Ọjọ́bọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún àwọn tó ń bá a pín in: wọn kò gbọdọ̀ béèrè. Kì í ṣe orúkọ bàbá, kì í ṣe àdírẹ́sì, kì í ṣe fóònù, ká má tiẹ̀ wá sọ ti físà. Kí ẹni náà ṣáà kí wọn, kó gba oúnjẹ, kó máa lọ. Torí òfin yìí ni ẹ̀rù kì í fi í bà wọ́n láti wá.

Wọ́n ti ń gbálẹ̀ nígbà tí ẹ̀wà dà. Sísítà kúnlẹ̀ láti ṣà á. Orúnkún rẹ̀ kan ké, ó na ẹsẹ̀ náà síta, ó di tábìlì mú kó tó lè mí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí ẹ̀wà.

Rodiyat di ara ògiri mú nígbà tó ń kí i. Sísítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i lọ́kàn báyìí, bó ṣe rí gan-an. Ọwọ́ kan lára ògiri. Bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, bíi pé bàtà kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Ó sì ní "Ẹ káàsán," ó kọ́kọ́ mí ná, kó tó wá ní "Màmá."

Kò kọ̀ láti kúnlẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀ ni.

"Jọlá! Ibo lọmọ yẹn ń gbé?"

"Rodiyat? Mi ò mọ̀ o." Jọlá gbé ìgbálẹ̀ sọ́wọ́ kejì. "Ẹ̀yin lẹ ní ká má béèrè."

Òótọ́ ni. Orúkọ kan ṣoṣo. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn.

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, mo fi mọ́tò gbé e dé Crumpsall," Jọlá ní. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo mọ àdúgbò náà. Mi ò mọ ilé."

"Mú kọ́kọ́rọ́ ẹ."

Àdúgbò gígùn. Ilé so mọ́ ilé, ilẹ̀kùn jọ ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Òyìnbó kan mi orí. Obìnrin kan láti Pakistan ní òun kò mọ ọmọ Nàìjíríà kankan. Ilé mìíràn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Jọlá ti ń sọ pé kí wọ́n padà nígbà tí Sísítà rí kọ́tìnnì tó mì lókè ilé kan. Ó lọ kan ilẹ̀kùn náà. Ó kàn án, kò dáwọ́ dúró.

"Nobody dey here!" Ohùn ọkùnrin, láti inú.

"Ta ló wá ń dáhùn?" Jọlá fi Yorùbá bi í. "Ṣé iwin ni?"

Ilẹ̀kùn là díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú. Ó rí ìbòrí Sísítà, ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ má bínú, mà. A rò pé immigration ni. Ṣẹ̀san lorúkọ mi."

"Ṣẹ̀san, Rodiyat dà?"

"Ó ń sùn, mà. Ó ní ká má jí òun."

"Ṣílẹ̀kùn."

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá kékeré, mátírẹ́ẹ̀sì nílẹ̀. Kò sùn. Ó fara ti ògiri, ẹnu là sílẹ̀, báàgì oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì tú u. Ẹsẹ̀ òsì ti wú, ó ń dán, ó gbóná lọ́wọ́ Sísítà bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

"Màmá," ó ní. Ó mí. "Ẹ má bínú. Mi ò kí yín... dáadáa."

Sísítà kò lè wò ó lójú. Ó fa fóònù yọ, ó pe 999, nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì. Ọwọ́ Rodiyat gbá fóònù náà mú.

"Rárá. Wọ́n á dá mi padà."

"Rodiyat, o ò lè mí!"

"Ẹ búra." Ó mí. "Ẹ búra fún mi pé wọn ò ní béèrè ìwé mi. Màá lọ."

Ẹni tó gba ìpè náà ti ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ohùn kékeré láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì.

"Ẹ ṣáà búra, mà," Ṣẹ̀san ní.

"Sísítà, ẹ búra, ẹ jọ̀ọ́!" Jọlá ti fọwọ́ lérí. "Ọlọ́run á dárí ẹ̀ jì yín. Èmi gan-an á bá yín bẹ̀ Ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Wọn ò ní béèrè. Ó ti wà lórí ahọ́n Sísítà. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú. Bó bá sọ ọ́, ọmọ á lọ. Bí kò bá sọ ọ́, bóyá kó kú síbí, lórí mátírẹ́ẹ̀sì yìí, lójú wọn.

"Mi ò mọ̀," Sísítà ní.

Jọlá kígbe.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n lè béèrè. Bí wọ́n bá béèrè, èmi náà á wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ tí kò ní di irọ́."

Rodiyat wò ó. Èémí kan. Òmíràn.

"Èjẹ́ǹtì tó mú mi wá, ó búra," ó ní. "Mánéjà wa náà búra. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí... pé òun ò mọ̀."

Ó jọ̀wọ́ fóònù.

Ẹni tó gba ìpè ní wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó rìn. Wọn kò jẹ́ kó rìn. Sísítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọmọ náà lé àyà ara rẹ̀, ó ń ka èémí rẹ̀ bí ẹni ń ka rosary, títí wọ́n fi gbọ́ siren ní ìkóríta.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ẹsẹ̀, tó sì ti ń bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, òun kì bá tí rí nǹkan kan ṣe. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ètè rẹ̀ padà pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó lè jókòó, obìnrin òṣìṣẹ́ ọsibítù kan tó gbé káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn wá dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun fẹ́ béèrè nípa físà.

Sísítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́, Màmá," Rodiyat ní.

Ó mí sínú. Èémí náà délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.