Bí Bàṣírátù Ṣe Kọ́ Ọkọ̀ Rẹ̀ Ní Ìdúró

Bí ẹ bá dé Kemta tí ẹ ní Bàṣírátù lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Bàṣírátù wo, nítorí wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní Bàṣírátù tó ń sáré, ọmọdé tí ikun ṣì wà nímú rẹ̀ á nàka sí ojúlé rẹ̀ fún yín.

Táìlì ilẹ̀ àti àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń tà. Ìyá rẹ̀ ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìṣó àti sìmẹ́ńtì nìkan ló wà níbẹ̀, Bàṣírátù ló sì sọ ọ́ di ńlá. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó sì ti fi Ràhámátù ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Ohun tó yẹ kó mú àgbà obìnrin fara balẹ̀, kò sí èyí tí kò ní. Ara náà gan-an ni kò gbà. Bó bá ń jẹun, ẹ ó rò pé wọ́n ń lé e bọ̀ ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kejì á ti gun èkíní lẹ́yìn. Bó bá wá jókòó sídìí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ di ti Ọlọ́run.

Oníbàárà rẹ̀ kan ló ni ọkọ̀ tí à ń wí yìí tẹ́lẹ̀. Abẹ́òkúta ni ọkùnrin náà ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Kí ọ̀nà lè yá a ló ṣe ra ọkọ̀ Jámánì kan tó lágbára, tó tún ní kí wọ́n bá òun fi agbára kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ jápa lọ sí Kánádà, ó gbé e wá síwájú ìsọ̀ Bàṣírátù, ó ní bóyá ó lè bá òun mọ ẹni tó máa rà á. Ó ṣíná ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì bú bí ẹkùn tí wọ́n jí lójú oorun. Àwọn àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lórí pẹpẹ gbọ̀n jìnnìjìnnì.

Bàṣírátù ní, "Mo mọ ẹni tó máa rà á. Èmi ni."

Jùbrílù, ọkọ rẹ̀, kò bá a jà. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìrìn rẹ̀ rọlẹ̀, bó bá tilẹ̀ fẹ́ sín, á kọ́kọ́ tọrọ gááfárà ná. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá jókòó síwájú ló ń rí ohun tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ti Òwu ń bọ̀ wá sí Kemta. Jùbrílù wà lẹ́yìn, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun kan tí wọ́n fẹ́ lọ já fún oníbàárà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàṣírátù ti wa ọkọ̀ náà kárí ìlú láàárọ̀, ó ń sáré, ó ń tẹ bíréèkì, ó ń sáré, ó ń tẹ bíréèkì. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan, òórùn kan gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí irin bá jóná. Bàṣírátù tẹ bíréèkì. Bíréèkì rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó tún un tẹ̀. Ọkọ̀ ní òun kò gbọ́.

Wọ́n kọjá ilé oníbàárà. Wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kọjá ilé tiwọn gan-an. Bàṣírátù fọn fèrè títí, ó ń pariwo, "Ẹ yà! Ẹ yà o!" Iyanrìn tí ẹnì kan tó ń kọ́lé kó sí ẹ̀bá ọ̀nà ló gbà wọ́n là. Ọkọ̀ fi imú gún un, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Bàṣírátù bojú wẹ̀yìn. Jùbrílù ti gbá àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà mọ́ra bí ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ó ní, "Ìyá Ràhámátù, mo rò pé Kemta là ń lọ."

"Kemta la wà."

"Rárá o," ni Jùbrílù wí, "a ti kọjá ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ògúnrìndé nìyẹn, mẹ́káníìkì kan tí ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣíwájú ọwọ́ náà. Ó tú táyà iwájú, ó wo dísìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì bíréèkì máa ń há mọ́ra kí ọkọ̀ tó lè dúró. Irin tó yẹ kó máa dán ti gbóná títí, ó ti di aláwọ̀ aró.

Ògúnrìndé ní, "Àbí ẹ fẹ́ fi ṣe àdìrẹ ni? Màmá, ẹ gbọ́. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni wọ́n fún ọkọ̀ yìí. Ìjánu tí wọ́n fi sí i lẹ́nu, ti ewúrẹ́ ni. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ bíréèkì yẹn, ooru ló ń di. Nígbà tí ooru pọ̀ jù, òróró bíréèkì hó nínú páìpù. Ẹ wá ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ rò pé bíréèkì lẹ ń tẹ̀."

"Kí la máa ṣe sí i?"

Inú Ògúnrìndé dùn sí ìbéèrè náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa jẹ́ kí òun ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ní àwọn máa yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Dísìkì ńlá ni wọ́n máa fi sí i, èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀. Kálípà tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì á tóbi bíi orí àgbò, òróró tí kì í tètè hó á sì wà nínú rẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́," ni Ògúnrìndé wí, "ilẹ̀ gan-an ló máa dúró."

Èkó ni ẹrù náà ti wá. Pupa fòò ni kálípà rẹ̀, ó pupa débi pé àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó. Ògúnrìndé fi ẹsọ̀ de gbogbo rẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ, ó nu ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé táyà wá. Ó gbé táyà sí i. Kò wọlé. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó fi ẹsẹ̀ tì í. Kálípà ti gbòòrò jù, rìmù, ìyẹn irin àárín táyà, ò gbà á.

Bàṣírátù ní, "Ògúnrìndé, ṣé ẹ wọn dísìkì?"

"Mo wọ̀n ọ́n, màmá."

"Ẹ wọn kálípà?"

"Dáadáa."

"Rìmù ńkọ́?"

Ògúnrìndé yíjú sí igi máńgòrò kan tó wà lókèèrè, ó ń wò ó bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. "Rìmù," ló wí, "rìmù lọ̀tọ̀."

Kí rìmù tó tóbi tó dé, ọkọ̀ náà wà lórí búlọ́ọ̀kù, ó jókòó gẹlẹtẹ bí ìyàwó tó ń dúró de ọkọ. Ọkọ̀ Jùbrílù ni Bàṣírátù wá ń bá lọ síbi gbogbo, Jùbrílù fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Ìyà tó jẹ obìnrin náà kì í ṣe kékeré. Bí Jùbrílù bá rí ihò kan lójú títì, á dúró, á wò ó, á bú u díẹ̀, á wá yà fún un. Bó bá rí ojúlùmọ̀, á sọ gíláàsì kalẹ̀, á béèrè ara ilé, ara oko, àti ìyá tó ti ṣàìsàn láti ọdún tó kọjá. Lọ́jọ́ kan, tòlótòló kan tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ kọjá wọn, ó fi wọ́n sílẹ̀. Bàṣírátù fi gèlè bo ojú.

Nígbà tí rìmù dé, tí gbogbo rẹ̀ wọlé geere, Bàṣírátù ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ni Ògúnrìndé bá ní kó ṣe sùúrù.

"Páàdì àti dísìkì kò tíì mọra wọn. Ìyàwó tuntun àti ìyá ọkọ ni wọ́n. A máa gbé e lọ sójú ọ̀nà tó dá. Ẹ ó sáré, ẹ ó tẹ bíréèkì gidigidi títí ọkọ̀ á fi fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í jẹ́ kó dúró. Ẹ ó tún sáré. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa ṣe títí wọ́n á fi gbóná tí wọ́n á fi mọra. Bẹ́ ẹ bá dúró pa nígbà tó gbóná, páàdì á lẹ̀ mọ́ dísìkì lójú kan, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe."

Wọ́n mú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Wásinmi, níbi tí ọ̀dà dán tí ọkọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ògúnrìndé jókòó síwájú. Jùbrílù ní òun náà ń bọ̀, nítorí àtiwà nílé kéèyàn máa retí ìpè burú ju àtiwà níbẹ̀ lọ.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé oríta kan wà lójú ọ̀nà náà tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dúró de ọkọ̀. Ọkọ̀ ò sì tíì kọjá láti àárọ̀. Bí ọkọ̀ Bàṣírátù ṣe yọ, gbogbo wọn dìde. Bàṣírátù tẹ bíréèkì, ọkọ̀ tẹ orí ba, ó ń rìn bí ìgbín. Àwọn èèyàn gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí, wọ́n sáré tẹ̀ lé e. Ẹnì kan tilẹ̀ ti di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ tún sáré!" ni Ògúnrìndé wí.

Fìrì, ọkọ̀ ti lọ. Apẹ̀rẹ̀ àti èèyàn wà nínú eruku.

Wọ́n yí padà níwájú lọ́hùn-ún, wọ́n tún ń bọ̀. Ọkọ̀ tún rọra dé oríta náà, àwọn èèyàn tún sáré sí i. Jùbrílù tí ojú ń tì yọ orí lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí wọn, "Ẹ kú ìdúró o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ò tíì lè dúró!" Fìrì.

Nígbà tí wọ́n tún máa padà, ìdajì àwọn èèyàn náà ti wọ igbó lọ, wọ́n ní ajínigbé ni. Ìdajì tó kù ti mú òkúta dání. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àfúsá, tó ní apẹ̀rẹ̀ ata kan àti àgbébọ̀ adìẹ kan, kò sá, kò sì mú òkúta. Ó bọ́ sí àárín títì, ó há àgbébọ̀ náà sí abíyá, ó sì fi ọwọ́ kejì lé ìbàdí. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé àfi kí wọ́n gba orí òun kọjá.

Eré ni Bàṣírátù ń bá bọ̀. Ògúnrìndé kígbe, "Ẹ má dúró pa o! Ẹ yà, ẹ yà fún un! Páàdì á lẹ̀!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, Bàṣírátù kò gbọ́ ohùn gíga lẹ́nu Jùbrílù rí. Ọjọ́ náà ló gbọ́ ọ. "DÚRÓ!"

Bàṣírátù fi gbogbo ara tẹ bíréèkì.

Ọkọ̀ náà kò yọ̀, kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó kàn dúró ni, bí ẹni tó rántí nǹkan. Fìlà Jùbrílù fò láti ẹ̀yìn, ó bà lé gíláàsì iwájú. Bẹ́líìtì fún Ògúnrìndé láyà títí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fi padà sínú. Àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ìyá arúgbó náà, tírélà kan lè gba ibẹ̀ kọjá.

Bàṣírátù sọ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ìyá Àfúsá wò ó, ó wo ọkọ̀. "Ó ti wá lè dúró báyìí?"

Ògúnrìndé yára sọ̀ kalẹ̀ wá ṣàlàyé. Ó sọ ti ooru, ti páàdì, ti ìyàwó àti ìyá ọkọ. Àwọn tó wọ igbó ti ń jáde bọ̀ wá gbọ́. Ìyá Àfúsá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Ó yé mi. Ọkọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dúró, kí lẹ wá ń ra bíréèkì sí?"

Ẹ̀rín pa àwọn tó mú òkúta, wọ́n sì ju òkúta nù. Jùbrílù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ní kí ìyá wọlé, wọ́n ní ibi yòówù tó ń lọ làwọn máa gbé e dé. Ìlú ló ń lọ. Wọ́n gbé ata sí bọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ó ní adìẹ ò sí nínú ẹrù, orí itan òun ni yóò jókòó sí. Ògúnrìndé ní ó kù kí bíréèkì tutù, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni kí wọ́n máa lọ. Jẹ́jẹ́ náà ni wọ́n ń lọ lóòótọ́. Akérò kọjá wọn, ọkọ̀ eléedú kọjá wọn, alùpùpù tó gbé igi ìdáná kọjá wọn. Jùbrílù ti sùn lọ fọnfọn.

Kò pẹ́ tí Ìyá Àfúsá fi tẹ́ ọrùn síwájú. "Ọmọ mi, ṣé bí ọkọ̀ olówó ṣe ń rìn nìyí? Bí kò bá lè sáré, ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ o. Ata mi ò gbọ́dọ̀ rọ̀."

Bàṣírátù fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá ìdarí ọkọ̀.

Àmì díẹ̀ lẹ̀ mọ́ dísìkì kan lóòótọ́, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n. Ògúnrìndé tú u, ó fi nǹkan ha á, wọ́n tún padà lọ ṣe é lójú ọ̀nà mìíràn tí kò sí oríta níbẹ̀, gbígbọ̀n náà sì lọ. Láti ìgbà náà, Bàṣírátù ṣì ń sáré, ẹ má jẹ́ n parọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí arúgbó lójú títì láti òkèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti bọ́ sórí bíréèkì fúnra rẹ̀.

Bí Ìyá Àfúsá bá sì ti ní ata láti tà, á pè é lórí fóònù. Bí ààyè bá gba Bàṣírátù, á lọ gbé e. Jùbrílù sọ pé òun bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, òun ò sì jẹ́ dán an wò mọ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe dé ojú títì tó dán, ìyá arúgbó náà so ìborùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó fọwọ́ gbá Bàṣírátù léjìká, ó ní, "Ó yá, fi hàn wọ́n."